Ẹ̀rọ Pínbọ́ọ̀lù Tó Gba Gáréèjì Wa

Ọjọ́ tí mo gbé ẹ̀rọ pínbọ́ọ̀lù wọ gáréèjì wa ní Ajax, ìlú kan nítòsí Tòróńtò, ọkọ mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wíńdò pálọ̀, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Òtútù ti bẹ̀rẹ̀, a ò sì tíì pààrọ̀ táyà mọ́tò wa sí táyà wíńtà. Láti ọjọ́ náà lọ, ìta ni mọ́tò náà ń sùn, nítorí pé ẹ̀rọ yìí gùn, ó wúwo, mi ò sì ní ibòmíì tí mo lè gbé e sí.

"Kí lo tún gbé dé yìí?" ó bi mí nígbà tí mo wọlé.

"Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ ta ni?"

"Tiwa ni."

Ó mi orí, ó sì yíjú padà sí tẹlifíṣọ̀n.

Ó yẹ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Àwọn ẹ̀rọ ìṣeré tí wọ́n ń fi owó ẹyọ ṣí ni mò ń tún ṣe. Ẹ ó ti rí irú wọn rí ní ilé ìgbafẹ́ tàbí níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọjọ́ ìbí fún àwọn ọmọdé: àpótí ńlá tó ní ojú bíi ti tẹlifíṣọ̀n, tí èèyàn á ju owó sí lẹ́nu, tí á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ohun tó wà nínú rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n pínbọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ràn jù. Tábìlì gígùn kan ni, orí rẹ̀ ga ju ìdí rẹ̀ lọ díẹ̀, gíláàsì bò ó, bọ́ọ̀lù irin kékeré kan sì ń sáré kiri lábẹ́ gíláàsì náà láàárín iná àti agogo. Nísàlẹ̀, lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbá a, apá kéékèèké méjì wà níbẹ̀ tí à ń pè ní fílípà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bọ́tìnì wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ àpótí náà lọ́tùn-ún lósì. Bí o bá tẹ bọ́tìnì, fílípà á gbá bọ́ọ̀lù padà sókè. Bí bọ́ọ̀lù bá gba àárín wọn kọjá, ó bọ́ nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe n'Íbàdàn ni mo ti kọ́kọ́ mọ òórùn lẹ́ẹ̀dì tó ń yọ́ lórí wáyà. Lẹ́yìn náà mo ka iṣẹ́ iná ní pólì. Nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, tí ilé ẹ̀kọ́ ń ṣí lónìí, tó ń tì lọ́la, èmi àti ọkọ mi kó ẹrù wa, a wá sí Tòróńtò. Òun tún ìwé kà, ó rí iṣẹ́ tíṣà ìṣirò. Èmi ń di páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Woodbridge, ṣífìtì àárọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí a lọ jẹun, mo gbọ́ agogo láti inú ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, mo bá yọjú. Bàbá ará Ítálì kan nà gbalaja sábẹ́ ẹ̀rọ kan, ó ń ṣépè fún un lédè wọn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo inú rẹ̀, mo rí wáyà kan tó ti já, mo sì nàka sí i.

Bàbá náà wò mí láti òkè délẹ̀. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá mi ni."

"Ṣé o lè bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè?"

Bí mo ṣe kúrò nídìí páálí nìyẹn, mi ò sì wẹ̀yìn mọ́.

Ọkọ mi ò fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Kò sọ ọ́ sí mi lójú rí o. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ni ìyàwó ẹ ń ṣe, á ní, "Ó wà ní ẹ̀ka ẹ̀rọ," á sì yára béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wọn. Lójú tiẹ̀, eré ọmọdé ni, kò sì mọ bí èèyàn ṣe lè dàgbà tán kó máa jẹun lórí eré ọmọdé. Èmi a kàn rẹ́rìn-ín. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára mi nígbà tí ẹ̀rọ tó ti kú bá lajú padà níwájú mi, kò sì sí bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tí kò tíì rí i.

Lẹ́yìn náà ni rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ mi. Inú kíláàsì ló wà, ó fi ọwọ́ òsì di ìwé mú, ó ń fi ọ̀tún kọ nǹkan sí ojú pátákó, ìwé náà sì bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, ọwọ́ ò gbọ́ tiẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì ló sáré lọ pe àwọn tíṣà yòókù. Ọlọ́run ṣe é, wọ́n tètè gbé e dé ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ padà já gaara lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ń gbé e dé ibi tó ń lọ bó bá ti di ọ̀pá mú. Ọwọ́ òsì yẹn nìkan ló kọ̀. Ó kàn wà lórí itan rẹ̀ níbẹ̀ bí ẹrù ẹlẹ́rù.

Obìnrin kan ń wá láti ilé ìwòsàn, oníṣẹ́ físíò tó ń kọ́ ọwọ́ tó ti rọ láti ṣiṣẹ́ padà, ọmọ ilẹ̀ Filipíìnì tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé bọ́ọ̀lù rọ́bà rírọ̀ kan fún un pé kó máa fi ọwọ́ òsì fún bọ́ọ̀lù náà pọ̀. Ó ní kó máa ṣa igi kéékèèké lórí tábìlì, kó máa kó wọn sínú ife. Níwájú obìnrin náà, ọkọ mi á ṣe é díẹ̀ nítorí ìtìjú. Bó bá ti lọ tán, bọ́ọ̀lù náà di ẹ̀yìn àga.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún bọ́ọ̀lù yìí díẹ̀ sí i," mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan.

"Ṣé jẹ́lé-ó-sinmi ni mo padà sí ni? Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò tí bàbá wọn ò lè ṣe, ẹ ní kí n máa ṣa igi sínú ife!"

Mo bá ọmọbìnrin wa sọ̀rọ̀ pé kó bá mi bẹ bàbá rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi dá mi lóhùn bó ṣe máa ń ṣe, ó ní bí Dádì ò bá lo ọwọ́ náà, ọwọ́ náà ò ní padà wá, pé òun ti kà á. Mo mọ̀. Dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní kọ̀rọ̀.

Àsìkò yẹn ni ilé ìgbafẹ́ àtijọ́ kan ní Bramalea kógbá wọlé, ọ̀gá mi, bàbá ará Ítálì yẹn, sì rán mi lọ kó àwọn ẹ̀rọ rẹ̀. Gbogbo wọn ló rí ibi lọ àfi ẹyọ kan. Pínbọ́ọ̀lù ni. Omi ti wọ ìdí rẹ̀, eku ti jẹ wáyà rẹ̀, àwòrán ara rẹ̀ sì ti ń ṣí: ọkọ̀ ojú omi kan tí ẹja ńlá kan ń lé, tó la ẹnu gbàǹgbà. Nígbà tí a gbé e dé Woodbridge, ọ̀gá mi yí i ká, ó fi ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Òkú ni," ó ní. "Tú u, kí a lo ohun tó bá ṣì dára nínú rẹ̀."

Mo yọ gíláàsì rẹ̀. Mo fi ìka gbé fílípà òsì sókè. Ó kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà ó gbà fún mi, ó sì padà síbi tó wà.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sílé," mo ní.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ọkọ mi ni mo fẹ́ kó máa gbá a."

Bàbá náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi. Ó kọjú sí awakọ̀ tó ń kó ẹrù wa, ó ní Ajax ni kó kọ́kọ́ gbà lọ́jọ́ náà.

Bí mo bá ti jẹun ọ̀sán tán ní Sátidé, mo ti wà nínú gáréèjì nìyẹn, ẹ̀rọ amúlégbóná kékeré kan lẹ́sẹ̀ mi, fìlà òtútù lórí mi. Mo gbé ojú tábìlì náà sókè bí ẹni ṣí ìdérí mọ́tò. Wáyà tí eku jẹ ni mo kọ́kọ́ kọjú sí, mo ń pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń jó lẹ́ẹ̀dì sí oríkèé wọn. Mo pààrọ̀ rọ́bà tó ti gan, mo fọ ìdọ̀tí ọ̀pọ̀ ọdún, mo yọ gbogbo gílóòbù tó ti jó. Kọ́ìlì tó ń fa fílípà ọ̀tún ti yọ́ mọ́ inú ilé rẹ̀, mo sì fi sùúrù gbẹ́ ẹ jáde. Nígbà míì ọkọ mi á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní òun ń wá súgà. Súgà wo ló wà nínú gáréèjì?

Ọjọ́ tí mo tan án, n kò pe ẹnikẹ́ni. Mo kàn ki pulọ́ọ̀gì bọ ara ògiri, mo gbàdúrà kúkúrú, mo sì tẹ ṣíwíìṣì. Iná ojú rẹ̀ tàn níwájú, ó tàn lẹ́yìn, ẹja ńlá náà pọ́n rokoṣo, agogo sì dún tó fi jẹ́ pé ajá aládùúgbò gbó. Mo kígbe. Mo jó yí ẹ̀rọ náà ká pẹ̀lú síkúrúdíráfà lọ́wọ́.

Mo gbọ́ ọ̀pá lórí pákó. Ọkọ mi ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ṣé ìwọ lo jí nǹkan yìí dìde?"

"Èmi náà ni."

Ó wọlé wá, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi gbá eré àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù tó bá ti gba apá òsì wá kò padà mọ́, ó ń bọ́ ni. "Ẹ̀rọ yìí ń ṣojúsàájú," ó ní. Mo gbé ọwọ́ òsì rẹ̀, mo fi ìka rẹ̀ lé bọ́tìnì, mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń gbìyànjú. Fílípà ò mira.

Kàkà kí n máa wàásù fún un, mo mú irinṣẹ́ mi. Lẹ́yìn bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, ewé irin tín-ínrín méjì ló wà níbẹ̀, tí iná kì í kọjá àfi bí wọ́n bá kanra. Mo tẹ ti òsì súnmọ́ra tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá kàn fi ìka rọ̀ mọ́ bọ́tìnì náà, iná á kọjá. Mo ní kó tún un ṣe. Ó mí kanlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Fílípà òsì fò sókè, ó dún pàà!

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wò mí. Ó tún un tẹ̀. Pàà! Kò sí ẹni tó lè lé e kúrò nídìí ẹ̀rọ náà mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ wa mú oúnjẹ wá, ọkọ mi ní kí n gbé e sórí páálí, òun ń bọ̀.

Nígbà tí obìnrin físíò náà tún dé, mo mú un lọ sí gáréèjì, mo fi bọ́tìnì òsì hàn án. Èmi àti obìnrin náà pinnu pé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ni màá máa ya ewé irin méjèèjì sọ́tọ̀ díẹ̀ díẹ̀, kí ìka ọkọ mi lè máa ṣiṣẹ́ sí i láìjẹ́ pé a sọ fún un. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹnu mú. Ọwọ́ náà ń lágbára sí i lóòótọ́. Kò pẹ́ tó fi ń mú ife tíì, lẹ́yìn náà ó ń so bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìgbà tó wá lè tẹ ọ̀tún àti òsì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni wàhálà tuntun dé. Bó bá ti tẹ méjèèjì, ẹ̀rọ náà á ṣókùnkùn wúù, á tún tan ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo máàkì tó ti kó jọ á sì run.

Ohun tó máa ń fa irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Fílípà méjèèjì ń fa iná púpọ̀ pọ̀, bí iná tó ń wọlé kò bá tó, ọpọlọ ẹ̀rọ á dákú. Mo pààrọ̀ kapásítọ̀ ńlá tó ń gbé iná náà ró. Ó tún dákú. Mo pààrọ̀ ẹ̀yà tó ń yí iná náà padà. Ó ṣe dáadáa fún ìdajì eré, ó tún dákú. Mo jókòó sílẹ̀, mo fi orí ti ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà. Ìpayà mú mi pé ọkọ mi máa tibi bẹ́ẹ̀ jáwọ́ nínú rẹ̀.

Kò jáwọ́. Ìbínú mú un ni, irú ìbínú tó máa ń mú un bí ìṣirò kan bá kọ̀ tí kò jáde.

"Dìde," ó ní. "Jẹ́ kí a wò ó létòlétò. Tẹ méjèèjì, má fara kan àpótí náà rárá."

Mo na ọwọ́, mo tẹ̀ ẹ́. Kò dákú.

"Tún un tẹ̀." Kò dákú. "Ó dáa. Kúrò níbẹ̀, kí èmi náà tẹ̀ ẹ́." Ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣókùnkùn wúù. Ojú rẹ̀ tàn. "O rí i? Mo máa ń fara ti ẹ̀rọ yìí nítorí ẹsẹ̀ mi. Kì í ṣe bọ́tìnì ló ń pa á. Bí àpótí bá mì nígbà tí iná ń lọ púpọ̀ ni. Ohun kan wà nínú ẹ̀ tó tú."

Mo ṣí orí ẹ̀rọ náà. Ibi tí pulọ́ọ̀gì wáyà iná ti wọ pátákó rẹ̀ dára lójú, mítà mi sì ti ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ní báyìí mo ní kí ọkọ mi máa fara tì í, kó máa fi í sílẹ̀, èmi ń fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Mo rí i! Lẹ́ẹ̀dì tó di ọ̀kan nínú àwọn eyín pulọ́ọ̀gì náà mú ti là yí eyín náà ká, ìlà tín-ínrín bí irun. Bí àpótí bá mì, eyín náà á mì. Mo fa lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kúrò, mo jó tuntun sí i, mo jẹ́ kó tutù.

"Ẹ fara tì í dáadáa," mo ní. "Ẹ tẹ méjèèjì."

Ó gbé gbogbo ara rẹ̀ lé e, ó tẹ méjèèjì, ó sì di wọ́n mú. Iná náà ò ṣẹ́jú. Ó gbé ohùn sókè, ó ní, "Hàá!" bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ó sì gbá mi mọ́ra. Ìgbà tí ó ti fi mí sílẹ̀ tán ni mo tó mọ̀ pé apá méjèèjì ló fi gbá mi mọ́ra.

Nígbà tí ojú ọjọ́ móoru, ọ̀gá mi ṣí ilé iṣẹ́ wa sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà àti aládùúgbò, bó ṣe máa ń ṣe, kí wọ́n wá gbá eré lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì figagbága. Ó ní kí n gbé ẹ̀rọ ẹja ńlá wá. Ọkọ mi ní òun ò lọ síbi kankan, òun kì í ṣe ọmọdé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo bá a nínú mọ́tò, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó máa ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bi mí pé kí ló ń dá wa dúró.

Èrò pọ̀ ní Woodbridge. Bàbá ará Ítálì náà yí ẹ̀rọ náà ká lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á lára, ó sì di orí ara rẹ̀ mú. Ọkùnrin kan bi ọkọ mi léèrè ẹni tó tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe. Ọkọ mi gbé àyà sókè. Ó ní, "Ìyàwó mi ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Òkú ni wọ́n gbé fún un, òun ló jí i dìde." Ohùn rẹ̀ lọ sókè tó fi jẹ́ pé gbogbo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ yíjú sí mi. Mo ń ṣe bí ẹni ń wá nǹkan nínú àpótí irinṣẹ́ mi.

Nígbà tí ó kan ìdíje orí ẹja ńlá, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń wọ ìbọ̀wọ́ láti fi gbá pínbọ́ọ̀lù ti kó máàkì gọbọi. Òun ló máa ń borí níbẹ̀. Ọkọ mi ló gbá kẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ àkọ́kọ́ bọ́ kíákíá, èkejì ò fi bẹ́ẹ̀ sunwọ̀n. Ó ku ẹyọ kan. Ọmọbìnrin wa di ọwọ́ mi mú.

Bọ́ọ̀lù náà ń bọ̀ láti òkè, ó ń ta kiri, ó gba apá òsì sọ̀kalẹ̀ tagbáratagbára. Dípò kó gbá a, ọkọ mi gbé fílípà òsì sókè, ó sì dì í mú síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà yí wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́. Ìka òsì yẹn, tí kò lè fún bọ́ọ̀lù rọ́bà, ló di gbogbo eré náà mú. Kò gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún nu iwájú orí rẹ̀ bí ẹni tí kò kánjú lọ síbì kan, ó wo ihò tí wọ́n ṣe bí ẹnu ẹja ńlá lókè tábìlì náà, ó jọ̀wọ́ bọ́tìnì, ó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yí díẹ̀, ó sì gbá a. Ẹnu ẹja ló gbà wọlé tààrà.

Gbogbo iná tàn. Bọ́ọ̀lù mìíràn tún jáde gẹ́gẹ́ bí èrè, òmíràn tún tẹ̀ lé e, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì dá wọn padà, ọ̀tún, òsì, méjèèjì pọ̀, ẹ̀rọ náà ò sì ṣẹ́jú. Nígbà tí bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn bọ́, máàkì rẹ̀ ti kọjá ti ọ̀dọ́bìnrin náà jìnnà. Ọ̀dọ́bìnrin náà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá mi fò sókè bí ọmọdé, ó ń fi èdè wọn pariwo, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èpè.

Ẹ̀rọ náà ní kí ẹni tó borí fi lẹ́tà mẹ́ta sílẹ̀ fún orúkọ. Bọ́tìnì ọ̀tún ló ń gbé lẹ́tà lọ síwájú, ti òsì ń dá a padà sẹ́yìn. Ọkọ mi fi A sílẹ̀. Ó dúró, mo mọ̀ pé ó ń ṣírò. Láti A dé W, ọ̀nà ẹ̀yìn ló yá, torí Z ló wà lẹ́yìn A níbẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi dá a padà, ní títẹ̀ léra, títí W fi jáde. Ó tún fi A kan sí i. AWA ló wà lókè pátápátá lójú ẹ̀rọ náà.

Ẹnì kan bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kó tó lanu, ọmọbìnrin wa ti dáhùn, ó nàka sí bàbá rẹ̀, ó nàka sí mi, ó nàka sí ara rẹ̀.

Èmi ni mo wa mọ́tò lọ sílé. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ orin ìyìn, ohùn rẹ̀ ò bá ti orin mu rárá, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì lu dáṣíbọ́ọ̀dù bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ onílù. Ọmọ wa ń rojọ́ lẹ́yìn lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ariwo náà ti pọ̀ jù. Mo yí wíńdò wálẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, mo sì gbe orin náà.